Ọ̀bẹ Alákọ̀ Kékeré: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Lílò, Pípọ́n àti Ìtọ́jú Rẹ̀

Irú ọ̀bẹ wo là ń sọ gan-an?

Ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ dúró gbọn-in nínú èèkù, tí kò ní oríkèé kankan tó ń yí, tó sì ń gbé inú àkọ̀ nígbà tí a kò bá lò ó. Ojú rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. A fi ń gé okùn, a fi ń ṣí páálí, a fi ń gbẹ́ igi, a fi ń bó èèpo, a sì ń fi gé oúnjẹ nínú àgọ́. Kì í ṣe àdá, kì í ṣe àáké, kì í sì í ṣe ohun ìjà. Ẹni tó bá ń ro ìjà nígbà tó ń rà á yóò ra èyí tó tóbi jù, tó wúwo jù, tí kò sì ní wúlò fún iṣẹ́.

Kí ló fi sàn ju ọ̀bẹ tó ń ká sínú èèkù lọ?

Kò ní ibi tí yóò ti yẹ̀. Ọ̀bẹ kíká ní ìṣó tó ń yí lé lórí àti ìdè tó ń tì í. Bí ìdè yẹn bá yẹ̀ nígbà tí ìka wà lójú ọ̀nà, ìka ló máa fara gbá a. Ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó tún wà níbẹ̀. Iyanrìn, oje igi àti ọ̀rá ẹran máa ń há sínú oríkèé ọ̀bẹ kíká, ṣùgbọ́n omi àti ọṣẹ lásán ti tó fún alákọ̀.

Àmọ́ ọ̀bẹ kíká wọ àpò, kì í sì í já àwọn tó wà nítòsí láyà. Bó bá jẹ́ lẹ́tà àti páálí nínú ọ́fíìsì nìkan ni ẹ fẹ́ máa ṣí, kò sí ìdí láti so ọ̀bẹ mọ́ bẹ́líìtì. Bó bá di ọ̀rọ̀ igi, omi àti ẹrẹ̀, ẹ mú alákọ̀.

Báwo ló ṣe yẹ kó gùn tó, kó sì nípọn tó?

Ojú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10, èèkù tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 12, ẹ̀yìn tó nípọn tó mìlímítà 2 sí 3. Èyí á ṣe fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Ìnípọn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í rà. Wọ́n á rí ọ̀bẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ tó mìlímítà 5, wọ́n á ní èyí ò ní kán láé. Lóòótọ́ kì í tètè kán, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ gé nǹkan. Ẹ fi gé ápù kan wò: yóò wọlé díẹ̀, ápù á wá là pà kí ojú ọ̀bẹ tó dé àárín. Ara ọ̀bẹ ló fipá ya ápù náà sí méjì. Ojú rẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan mọ́. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí páálí, sí awọ àti sí igi, kìkì pé ọwọ́ tó ń rẹ̀ yín ló máa sọ fún yín. Ọ̀bẹ tó fẹ́lẹ́ ń gé pẹ̀lú agbára díẹ̀, agbára díẹ̀ sì túmọ̀ sí pé bó bá yọ̀, kò ní lọ jìnnà. Nítorí náà, láàárín ọ̀bẹ méjì tó gùn bákan náà, ẹ mú èyí tó fẹ́lẹ́, àyàfi bó bá jẹ́ pé igi lílà ni olórí iṣẹ́ yín.

Irin wo ni kí n yàn?

Ọ̀nà méjì gbòòrò ló wà. Irin kábọ̀nù, bíi 1075 àti 1095, rọrùn láti pọ́n, ó ń mú bérébéré, owó rẹ̀ kì í sì í wọ́n, ṣùgbọ́n omi díẹ̀ ti tó láti mú kó dógùn-ún. Irin sitéènlẹ́ẹ̀sì, bíi 420HC, 12C27 àti 14C28N, ní kúrómíọ̀mù nínú (ó kéré tán, nǹkan bí 10.5 nínú ọgọ́rùn-ún), èyí ló ń ṣe awọ fẹ́lẹ́ tí a kò lè fojú rí sí ara irin tó fi ń kọ ìpẹtà. Ó ń kọ̀ ọ́ o, kì í ṣe pé kò lè ní in rárá: bí ẹ bá fi omi òkun sí i lára mọ́jú, àmì á hàn.

Irin tí wọ́n ń pè ní D2 máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Kúrómíọ̀mù inú rẹ̀ tó nǹkan bí 12 nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ ó ń dógùn-ún. Ìdí ni pé kábọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀, kábọ̀nù yìí sì ti gba apá kan nínú kúrómíọ̀mù náà mọ́ra, èyí tó kù kò tó láti dáàbò bo irin. Ojú rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó kú, ṣùgbọ́n bó bá kú, pípọ́n rẹ̀ gba sùúrù.

Ní ti bí irin ṣe le tó, ẹ wá èyí tó wà láàárín 56 sí 60 lórí òṣùwọ̀n Rockwell (HRC). Bó bá rọ̀ ju 54 lọ, ojú rẹ̀ á máa tẹ̀. Bó bá le ju 62 lọ, ojú rẹ̀ lè máa hó, ìyẹn ni pé kó máa ṣẹ́ wẹ́wẹ́ létí, nígbà tó bá kan egungun tàbí kókó igi. Ọwọ́ ẹni tó fi iná sè é ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ lọ: irin lásán tí wọ́n sè dáadáa sàn ju irin olówó ńlá tí wọ́n sè ní ìsèkusè.

Kí ni mo lè fi mọ̀ bóyá irin dé ìsàlẹ̀ èèkù?

Bí ẹ bá rí irin láàárín pátákó èèkù méjèèjì láti iwájú dé ìdí, ó dé ìsàlẹ̀. Èyí ló lágbára jù, òun náà ló sì wúwo jù. Irú kejì ni èyí tí ìrù irin rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n kì bọ inú èèkù. Bí ìrù náà bá dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin èèkù, tí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó tó fún gbogbo iṣẹ́ tí a ń sọ níbí, ọwọ́ kò sì ní fara kan irin nígbà òtútù. Èyí tó yẹ kí ẹ sá fún ni ìrù kúkúrú tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ nínú èèkù. Ẹ di ojú rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn pẹ̀lú aṣọ, kí ẹ mi èèkù: bó bá ń mì, tàbí tó ń dún, ẹ má rà á.

Èèkù igi ni tàbí ti rọ́bà?

Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀, nítorí náà ẹ rí i pé ẹni tó gbẹ́ ẹ mọ bí ọwọ́ èèyàn ṣe rí. Rọ́bà kì í yọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá tutù. Igi rọ ọwọ́ lọ́rùn nínú iṣẹ́ tó pẹ́. Èyí tó ga síta níwájú díẹ̀, kí ìka má bàa yọ̀ lọ sórí ojú ọ̀bẹ, ni kí ẹ wá, pàápàá bí ẹ bá máa fi gún nǹkan. Ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n gbẹ́ ihò ìka mẹ́rin sí: bí ìka yín kò bá bá ti ẹni tí wọ́n wọ̀n mu, ó di wàhálà, kò sì ṣeé yí dì mú.

Báwo ni mo ṣe yẹ kí n dì í mú, kí n má bàa fi gé ara mi?

Kí ẹ tó fa ọ̀bẹ yọ, ẹ na apá yín pẹ̀lú àkọ̀ lọ́wọ́, kí ẹ sì yí i ká. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ yín dé. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè ṣáájú gbogbo ìgé: bí ọ̀bẹ yìí bá yọ̀ báyìí, ibo ló ń lọ? Bí ìdáhùn bá jẹ́ ara yín tàbí ara ẹlòmíràn, ẹ yí ìjókòó padà.

Ibi tó léwu jù lọ lára ni itan inú, láti orúnkún dé abẹ́, nítorí òpójẹ̀ ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá jókòó gbẹ́ igi, ẹ má gbẹ́ ẹ láàárín itan méjèèjì. Ẹ fi ìgúnpá lé orúnkún, kí igi wà níwájú orúnkún, tàbí kí ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa gbẹ́ ẹ níta itan.

Ìdìmú tí ẹ máa lò jù ni kí gbogbo ìka di èèkù, kí ojú ọ̀bẹ kọjú síta, kí ẹ sì gé lọ kúrò lọ́dọ̀ ara yín. Bí ẹ bá fẹ́ agbára, ẹ má ju ọwọ́ sókè sódò. Ẹ tì í láti èjìká, kí ọrùn ọwọ́ le. Bó bá jẹ́ pé ìgé kékeré tó péye lẹ ń fẹ́, ọwọ́ tó di igi ló máa ṣiṣẹ́: ẹ fi àtàńpàkò ọwọ́ náà ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ síwájú. Ọ̀bẹ kò ní lọ ju bí àtàńpàkò ṣe lè nà lọ, ìdí nìyẹn tí kò fi léwu.

Ọ̀nà kẹta wà fún igi líle. Ẹ gbé ọ̀bẹ àti igi sí iwájú àyà, ojú ọ̀bẹ sí òde, ẹ̀yìn rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ wá ya apá méjèèjì bí ẹni tó ń na àyà. Iṣan ẹ̀yìn ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, agbára rẹ̀ sì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kò lọ ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ.

Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ kó balẹ̀, kí ẹ sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ má gbìyànjú láti hán an. Bí ẹ bá sì ń fà á fún ẹlòmíràn, ẹ nawọ́ èèkù sí i, kí ojú ọ̀bẹ kọjú sókè, kúrò ní àtẹ́lẹwọ́ yín, kí ẹ má sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí onítọ̀hún á fi sọ pé òun ti dì í mú.

Báwo ni mo ṣe ń gé okùn àti páálí?

Bí okùn bá kéré, ẹ ká a sí méjì, ẹ ki ọ̀bẹ bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì fà á síta, kúrò lọ́dọ̀ ara. Okùn tó nípọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí igi, kí ẹ fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ bí ayùn. Ẹ má kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé okùn ọ̀rá, ẹ fi iná díẹ̀ yọ́ ẹnu rẹ̀ kó má tú, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìka kàn án títí yóò fi tutù, nítorí ọ̀rá gbígbóná ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Okùn tó ń fa nǹkan wúwo tún yàtọ̀: ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹnu okùn máa ta sí.

Fún páálí, ẹ fi àtàńpàkò àti ìka kejì di ara ọ̀bẹ láti ẹ̀gbẹ́, kí kìkì sẹ̀ǹtímítà 1 ṣónṣó rẹ̀ yọ síta. Èyí kò ní jẹ́ kó gé ohun tó wà nínú. Ẹ má yà á lẹ́nu pé páálí ń pa ojú ọ̀bẹ ju igi lọ. Èérún erùpẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ń rẹ́ irin bíi sánpépà.

Ṣé ọ̀bẹ kékeré lè gé ẹ̀ka igi?

Ẹ̀ka tútù tó tó àtàńpàkò méjì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kó rí bí ọrun, kí ẹ wá fi ojú ọ̀bẹ sí ẹ̀gbẹ́ ìta ibi tó tẹ̀ náà, ní ìdagẹ̀rẹ̀. Okun igi níbẹ̀ ti na tán, ojú ọ̀bẹ kàn ń tú u sílẹ̀ ni. Bí ẹ bá gé e láti inú ìtẹ̀, igi á há ọ̀bẹ mọ́ra. Ẹ di ẹ̀ka náà mú dáadáa, nítorí ó lè ta padà.

Ṣé mo lè fi kùmọ̀ lu ẹ̀yìn rẹ̀ láti la igi?

Ẹ lè ṣe é, bó bá jẹ́ pé irin dé ìsàlẹ̀ èèkù, tí ẹ kò sì ní àáké. Igi náà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju gígùn ojú ọ̀bẹ lọ. Kódà, ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 3 kúrò: ọ̀bẹ tí ojú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 9 ń la igi tó fẹ̀ tó 6. Ẹ yan igi tó tọ́, tí kò ní kókó.

Ẹ gbé igi náà sórí igi míì, ẹ má gbé e sórí òkúta. Ẹ kúnlẹ̀. Ẹ fi ojú ọ̀bẹ lé orí rẹ̀, kí ṣónṣó yọ sí òdìkejì, kí ẹ fi kùmọ̀ igi tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 30 sí 40 lu ẹ̀yìn ọ̀bẹ jẹ́jẹ́ títí yóò fi wọlé. Láti ìgbà náà, ṣónṣó tó yọ síta lẹ máa lù, èèkù á sì wà ní títẹ́jú. Ẹ má fi òkúta tàbí òòlù lù ú.

Ohun mẹ́ta ló sábà ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Kókó igi ń mú ọ̀bẹ yà sí ẹ̀gbẹ́, ojú rẹ̀ á sì hó. Èkejì, bí ọ̀bẹ bá há, àwọn èèyàn a máa lọ́ ọ. Irin tó fẹ́lẹ́ kò fẹ́ lílọ́. Ẹ kì èèkàn igi bọ ibi tó ti là, kí ẹ lù ú títí ọ̀bẹ á fi tú sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni òtútù tó mú omi dì: irin kì í fẹ́ tẹ̀ mọ́, ó sì lè kán níbi tí kì bá ti kán.

Lójú tiwa, bí ẹ bá ń la igi báyìí lójoojúmọ́, àáké kékeré lẹ nílò.

Igi tí mo rí ti tutù. Báwo ni ọ̀bẹ ṣe lè ràn mí lọ́wọ́ láti dá iná?

Òjò kì í sábà wọ inú igi gbígbẹ tó ṣì wà lóòró. Ẹ wá ẹ̀ka tó ti kú ṣùgbọ́n tí kò tíì wó lulẹ̀, ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ là á sí mẹ́rin. Inú rẹ̀ ló gbẹ.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fá a ní ìfá olówùú. Ẹ mú ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ là, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, ẹ fi ìdí rẹ̀ ti orí igi míì, kí ẹ fi ọ̀bẹ fá a láti òkè wá sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ dúró kí ìfá náà tó já. Yóò ká rúdurùdu sí ìsàlẹ̀. Ẹ yí igi díẹ̀, kí ẹ fá etí tuntun tó yọ. Bí ìfá bá ń já, ìdagẹ̀rẹ̀ ọ̀bẹ yín ti ga jù, tàbí ojú rẹ̀ ti kú. Bó bá nípọn jù, ẹ dín agbára kù, kí ẹ gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sún mọ́ igi. Ìfá tó fẹ́lẹ́ bí bébà ló ń gba iná. Èyí tó nípọn kàn ń dúdú.

Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá ìṣáná onírin, èyí tó máa ń ta iná bí a bá ha á, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ fi ha á, ẹ má fi ojú rẹ̀ ha á. Etí ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ mú ní igun tó tọ́. Bí wọ́n bá ti dán an kó yíká, kò ní tanná. Ẹ fi ọ̀bẹ dúró sójú kan lẹ́bàá ìfá, kí ẹ fa ọ̀pá náà sẹ́yìn. Bó bá jẹ́ ọ̀bẹ lẹ tì síwájú, ẹ ó tú gbogbo ìfá tí ẹ kó jọ ká.

Ṣé mo lè fi ṣí ìdérí agolo, fi wa ilẹ̀, tàbí fi tú ìdè onírin?

Rárá. Ṣónṣó ni ibi tó fẹ́lẹ́ jù lára ọ̀bẹ. A ṣe é láti gé lọ tààrà, a kò ṣe é láti fi tú nǹkan, bí ẹ bá sì fi yí nǹkan, yóò ṣẹ́. Ilẹ̀ ní iyanrìn, iyanrìn sì le ju irin lọ. Jíju ọ̀bẹ mọ́ igi náà wà nínú èyí. Gígé nǹkan lórí àwo tánganran, lórí gíláàsì tàbí lórí òkúta ń pa ojú ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Pákó ni kí ẹ lò.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ti kú?

Ẹ gbé ojú rẹ̀ sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú tó mú kì í tan ìmọ́lẹ̀ padà. Ibi tí ẹ bá ti rí ìlà funfun tó ń dán, ibẹ̀ ló ti kú. Tàbí kí ẹ di bébà kan mú lókè, kí ẹ fi gé e wálẹ̀. Bó bá ya á dípò kó gé e, àkókò ti tó. Ẹ má fi ìka wọ́ gùn ojú ọ̀bẹ láti dán an wò.

Ẹ ṣàlàyé bí a ṣe ń pọ́n ọ̀bẹ, láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ nílò òkúta ìpọ́n kan tó ní ojú méjì, nọ́ńbà 400 àti 1000. Òkúta 3000 dára bí ẹ bá fẹ́ kó dán sí i, àmọ́ kò pọn dandan. Nọ́ńbà kékeré ló ń jẹ irin púpọ̀. Bí ẹ bá ń lo òkúta olómi tó ń mu omi, ẹ rì í sínú omi fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, títí kò fi ní yọ ìfóòfó mọ́. Ẹ tẹ́ aṣọ tútù sí abẹ́ rẹ̀ kó má rìn.

Ìdagẹ̀rẹ̀ ló gba gbogbo iṣẹ́. Fún irú ọ̀bẹ yìí, dígírì 20 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dára. Bí ọ̀bẹ yín bá fẹ̀ tó mìlímítà 25 láti ojú dé ẹ̀yìn, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ní mìlímítà 8 ààbọ̀ lórí òkúta. Dígírì 20 nìyẹn. Bó bá fẹ̀ tó 20, mìlímítà 7 tó. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì lè mọ̀ bóyá ẹ wà lójú ọ̀nà, ẹ fi máàkà kun etí ojú ọ̀bẹ, kí ẹ pọ́n ọn ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí kíkun náà bá parẹ́ lókè nìkan, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ti wálẹ̀ jù. Bó bá parẹ́ létí ojú nìkan, ẹ ti gbé e ga jù.

Àwọn ọ̀bẹ kan wà tí ẹ̀gbẹ́ wọn gẹ̀rẹ́ ní ìlà kan ṣoṣo tó fẹ̀ títí dé ojú, bíi ti àwọn ará Scandinavia ní àríwá Yúróòpù. Ẹ kò ní wọn ìdagẹ̀rẹ̀ tiwọn: ẹ tẹ́ ibi tó gẹ̀rẹ́ náà pẹrẹsẹ lórí òkúta, ó parí.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 400. Ẹ ti ọ̀bẹ síwájú, ojú rẹ̀ ní iwájú, bí ẹni tó fẹ́ gé pẹlẹbẹ kan kúrò lára òkúta, láti ìdí ọ̀bẹ dé ṣónṣó. Bí ẹ bá dé ibi tó tẹ̀, ẹ gbé èèkù sókè díẹ̀ kí ìdagẹ̀rẹ̀ má bàa yí padà. Ẹ máa ṣe ẹ̀gbẹ́ kan náà títí ẹ ó fi rí irun irin: etí fẹ́lẹ́ tó yí sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tí ẹ lè fi ìka mọ̀ bí ẹ bá wọ́ ọ láti ẹ̀yìn lọ sí ojú. Irun náà gbọ́dọ̀ wà láti ìdí dé ṣónṣó. Ó lè gba ìwọ́ 10, ó lè gba 60. Ẹ má kà á, irun ni kí ẹ máa wá. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yí i padà, kí ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà.

Ẹ bọ́ sórí 1000, kí ẹ tún un ṣe. Nígbà tí ẹ bá ń parí lọ, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́: 5 síhìn-ín, 5 sọ́hùn-ún, 3, 3, lẹ́yìn náà 1, 1, kí agbára ọwọ́ máa dín kù títí yóò fi ku ìwúwo ọ̀bẹ nìkan. Ẹ fi parí lórí awọ bẹ́líìtì àtijọ́ tí ẹ fi ọṣẹ ìdánrin kùn, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ní iwájú ní tibí, bí ìwọ́ 10 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi ojú ṣáájú, ẹ ó gé awọ.

Mo pọ́n ọn fún wákàtí kan, kò mú síbẹ̀. Kí ló dé?

Nínú ẹni mẹ́wàá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mẹ́sàn-án ni kò tíì dé ojú gan-an. Wọ́n ń pọ́n ẹ̀gbẹ́ òkè, irun irin kò sì jáde rí. Ẹ padà sí máàkà, kí ẹ padà sí òkúta 400.

Bí irun bá jáde ṣùgbọ́n tí ọ̀bẹ mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré kó tó kú, ẹ kò yọ irun náà kúrò. Òun ló ń gé nǹkan fún yín, òun náà ló sì tẹ̀. Ẹ fi ìwọ́ mélòó kan tó fúyẹ́ gan-an, ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó ga díẹ̀, gé e kúrò.

Ẹ tún wo òkúta fúnra rẹ̀: bí àárín rẹ̀ bá ti jin, kò sí ìdagẹ̀rẹ̀ tó lè dúró. Ẹ fi sánpépà tí ẹ tẹ́ sórí gíláàsì rẹ́ ẹ títí yóò fi tẹ́jú.

Ẹ̀rọ gíríńdà tó ń yí ń kọ́?

Kò dáa fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Ojú ọ̀bẹ fẹ́lẹ́, ooru ń kó sí i ní ìṣẹ́jú àáyá. Wọ́n sábà ń fi ooru tó nǹkan bí dígírì 200 Celsius rọ irin lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sè é. Bí gíríńdà bá kọjá ìyẹn, líle rẹ̀ lọ nìyẹn. Bí ẹ bá rí àwọ̀ búlúù létí ojú, ibẹ̀ ti tó nǹkan bí 300, irin ibẹ̀ ti rọ̀, kò sí pípọ́n tó lè dá a padà. Kí wọ́n rẹ́ ibi búlúù náà dànù ló kù.

Báwo ni mo ṣe ń dènà ìpẹtà?

Ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ ìfọwo kò dáa fún un. Bó bá jẹ́ irin kábọ̀nù, ẹ fi òróró díẹ̀ pa á lára. Bí ẹ bá ń fi gé oúnjẹ, ẹ lo òróró ohun alumọ́ọ́nì (mineral oil) tó ṣeé fi sẹ́nu, nítorí àwọn òróró jíjẹ kan máa ń gan, wọ́n a sì lẹ̀ mọ́ irin.

Àwọ̀ eérú tàbí búlúù ṣíṣókùnkùn tó ń jáde lára irin kábọ̀nù lẹ́yìn tí ẹ bá fi gé èso kíkan kì í ṣe àbùkù, ẹ má ha á kúrò. Ó ń ran irin lọ́wọ́ díẹ̀ láti kọ ìpẹtà. Èyí tó ní àwọ̀ osùn, tó sì ń kó èérún sílẹ̀, ìyẹn ni ìpẹtà. Ẹ fi òróró àti bùrọ́ọ̀ṣì onírin wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ yọ ọ́ kó tó jẹ ihò.

Bí ẹ bá fi òróró linseed (òróró irúgbìn ọ̀gbọ̀) pa èèkù igi, ẹ má ká aṣọ tí ẹ fi pa á jọ sínú garawa. Ó máa ń gbóná fúnra rẹ̀ bó ṣe ń gbẹ, ó sì lè gbiná láìsí ẹni tó ṣáná sí i. Ẹ tẹ́ ẹ síta kó gbẹ tàbí kí ẹ rì í sínú omi.

Àkọ̀ awọ dáa ju ti ọ̀rá líle lọ bí?

Awọ kì í dún, ó sì rọ̀ mọ́ ara, ṣùgbọ́n ó ń mu omi, ó sì ń pa omi náà mọ́ra. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀bẹ pamọ́ sínú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́; inú àpótí gbígbẹ ni kí ọ̀bẹ wà, kí àkọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àkọ̀ ọ̀rá ṣeé fọ̀, àmọ́ iyanrìn tó bá wọ inú rẹ̀ á máa ha irin nígbà gbogbo tí ẹ bá fà á yọ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ dojú rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ gbọ̀n ọ́n: ọ̀bẹ kò gbọdọ̀ já bọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìka ti ń gé ni ìgbà tí wọ́n bá ń dá ọ̀bẹ padà. Ẹ wo àkọ̀, ẹ mú ìka kúrò létí rẹ̀, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tẹ ẹ̀yìn àkọ̀ bó ṣe ń wọlé.

Ó ti gé mi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú egbò gan-an, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú 10 láìṣí i wò. Ṣíṣí i wò ló ń tú ẹ̀jẹ̀ tó ti fẹ́ dì. Bí ẹ̀jẹ̀ bá rin aṣọ àkọ́kọ́, ẹ fi òmíràn lé e lórí, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ sí i. Lẹ́yìn tó bá dá, ẹ fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ dì í.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde ní ìtú-ìtú, bí kò bá dá, bí ìka bá kú tàbí tí kò ṣeé ká, tàbí bí egbò bá jin débi tí ẹnu rẹ̀ ń yà. Bí ọ̀bẹ bá gún èèyàn tó sì ṣì wà lára rẹ̀, ẹ má fà á yọ. Ẹ fi aṣọ tì í yí ká kó má mì, kí ẹ pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ sì bi dókítà nípa abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Ṣé òfin gbà mí láyè láti máa gbé e kiri?

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní Bìrìtéènì, ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí pàtàkì kí ẹ tó gbé ọ̀bẹ alákọ̀ ní gbangba, bó ti wù kó kéré tó. Ọ̀bẹ kíká tí kò ní ìdè, tí ojú rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ, ni òfin yọ sílẹ̀. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, inú ẹrù tí wọ́n ń kó sí abẹ́ ọkọ̀ ló ń lọ, kì í bá èèyàn jókòó lókè. Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ kí ẹ tó gbéra, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ẹrù nígbà tí ẹ bá ń rìnrìn àjò lọ síbi iṣẹ́.

Ṣónṣó rẹ̀ ti ṣẹ́, ojú rẹ̀ sì ti hó. Ṣé kí n jù ú nù?

Ẹ má jù ú nù. Ibi tó hó tí kò jìn ju ìdajì mìlímítà lọ, òkúta 220 tàbí 400 á rẹ́ ẹ tán. Ẹ rẹ́ gbogbo ojú ọ̀bẹ bákan náà, ẹ má rẹ́ ibi tó hó nìkan, kó má bàa di kòtò.

Ní ti ṣónṣó, ẹ̀yìn ọ̀bẹ ni kí ẹ rẹ́ wálẹ̀ títí yóò fi pàdé ojú, ẹ má rẹ́ ojú sókè. Bí ẹ bá rẹ́ ojú, ẹ ó ba ìtẹ̀ rẹ̀ jẹ́, ibi tí ẹ sì máa kàn ti nípọn. Ẹ máa rì í sínú omi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kó má gbóná. Ọ̀bẹ náà á kúrú díẹ̀, ìtẹ̀ ojú rẹ̀ kò ní yí padà. Bó bá jẹ́ ní ìdí, níbi tí irin ti wọ èèkù, lẹ ti rí ìlà tó sán, kò sí àtúnṣe fún ìyẹn: ẹ wé e sínú páálí tó nípọn, ẹ fi téèpù dì í, kí ẹ kó o fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.